Ohun Tí Ojú Mi Rí Nídìí Èdè Híńdì ní Delhi

Ọ̀rọ̀ Híńdì tó kọ́kọ́ pa mí lẹ́kún ni "kal". Kò gùn, kò ṣòro pè, kò sì sí ọmọdé kan ní Delhi tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nítorí rẹ̀ ni àbúrò mi fi pàdánù oògùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní àkókò tí kò yẹ kó pàdánù ẹyọ kan. Mo ń kọ ìrírí yìí nítorí àwọn ènìyàn wa tó ń gbé aláìsàn lọ sí Índíà, àti nítorí àwọn ọmọ wa tó ń lọ kàwé níbẹ̀. Ohun tí mo fi omijé kọ́, kí ẹlòmíràn fi ojú lásán kà á.

Kíndìnrín àbúrò mi ọkùnrin ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Oṣù Kọkànlá ọdún 2018 la gúnlẹ̀ sí Delhi, àwa mẹ́ta: òun, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó fẹ́ fún un ní kíndìnrín kan, àti èmi tí n óò máa tọ́jú àwọn méjèèjì. Àwọn dókítà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ìyẹn ni mo fi rò pé kò sí ohun tí mo fẹ́ fi Híńdì ṣe. N kò rántí pé dókítà kì í bá ènìyàn gbé. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń lò lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn lójúmọ́. Ọwọ́ ẹni tó ń nulẹ̀, ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ẹni tó ń ta oògùn ní òdìkejì títì, ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, onímárúwá àti onílé ni a wà ní gbogbo wákàtí tó kù, Híńdì sì ni gbogbo wọn ń sọ.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, bí mo ṣe ń kọ Híńdì síbí nìyí. Níbi tí ẹ bá ti rí "aa", "ee" tàbí "oo", ẹ fa ohùn náà gùn. "Ee" ni "i" tiwa tí a fà, "oo" sì ni "u" tí a fà. "H" tó bá tẹ̀lé kọ́ńsónáǹtì, èémí ni. "N" tó bá parí ọ̀rọ̀ bíi "main", "men" àti "nahin", imú ni kí ẹ fi pè é, bí a ṣe ń pe "ọ̀kan" àti "irin". "P" wọn kì í ṣe ti "pápá" wa. Ètè nìkan ló ń ṣe é.

Ọ̀nà tí mo gbà bẹ̀rẹ̀ gan-an ni àṣìṣe àkọ́kọ́. Mo wa ètò kan sórí fóònù mi tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni ní ọ̀rọ̀ Híńdì. Lálaalẹ́, bí àwọn méjèèjì bá ti sùn, èmi a máa há a sórí: "paanee" ni omi, "ghar" ni ilé, "davaa" ni oògùn, "aaj" ni òní, "kal" ni ọ̀la. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ti ní ọ̀rọ̀ bí igba lórí, n kò sì lè fi wọ́n hun gbólóhùn kan. Bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa kọ́kọ́ rò, n óò wá máa yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, n óò sì máa fi ti Híńdì dí àyè rẹ̀. Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ á kàn máa wò mí.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n kọ oògùn kan fún àbúrò mi tí kò ní jẹ́ kí ara rẹ̀ kọ kíndìnrín tuntun náà. Láago mẹ́jọ àárọ̀ àti aago mẹ́jọ alẹ́ ló gbọ́dọ̀ máa lò ó, láìyẹ̀. Oògùn náà tán ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń rà á, ọ̀gbẹ́ni tó ń tà á sì bá wa bèèrè fún un. Lọ́jọ́ tí àbúrò mi lo ẹyọ tó gbẹ̀yìn láàárọ̀, mo sáré lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án. Èrò ti kún iwájú ọ̀gbẹ́ni náà. Bó ṣe rí mi láàárín wọn, ó gbóhùn sókè: "Aapkee davaa kal..." Mo gbọ́ "davaa", mo gbọ́ "kal". Oògùn, ọ̀la. Mo juwọ́ sí i, mo dúpẹ́, mo sì yíjú padà. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń lọ.

Ohun tó sọ ni "Aapkee davaa kal aaee thee". Oògùn yín ti dé lánàá. Ó wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Oògùn alẹ́ ọjọ́ yẹn bọ́, ti àárọ̀ ọjọ́ kejì náà bọ́, n kò sì sọ fún dókítà, nítorí mo rò pé ọjọ́ kan kò lè ba nǹkan jẹ́. Nígbà tí mo padà lọ tí ọ̀gbẹ́ni náà na ike oògùn sí mi pẹ̀lú ìyanu lójú, ẹsẹ̀ mi kò gbà mí mọ́. Wọ́n bá mi wí gidi nílé ìwòsàn, ó sì tọ́ sí mi. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi wò léraléra fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ọlọ́run bá wa ṣe é, kíndìnrín náà kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n n kò sùn dáadáa ní ọ̀sẹ̀ náà.

Onílé wa, obìnrin àgbà kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Aunty-jee, ló jókòó tì mí lálẹ́ ọjọ́ kejì tó ṣàlàyé rẹ̀. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. "Kal" ni àná, "kal" náà ni ọ̀la. "Parson" ni ìjẹta, òun náà ni ọ̀túnla. Ọjọ́ tó fi ọjọ́ kan jìnnà sí òní ni "kal", yálà ó wà lẹ́yìn wa tàbí níwájú wa. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa sọ èwo ni. "Davaa kal aaee thee", ó ti dé lánàá. "Davaa kal aaegee", ó máa dé lọ́la. Gbogbo ìyàtọ̀ náà wà ní ìrù gbólóhùn, níbi tí mo ti kẹ̀yìn sí ẹni tó ń sọ ọ́.

Alẹ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Híńdì ní tòótọ́, mo sì kúrò nídìí Gẹ̀ẹ́sì. Mo bi ara mi pé, kí ló dé tí n kò dúró gbọ́ ìparí? Mo rí i pé etí Yorùbá ló ṣe mí bẹ́ẹ̀. Nínú èdè wa, àmì àkókò máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe: oògùn TI dé, oògùn Ń bọ̀, oògùn YÓÒ dé. Kí a tó dé orí "dé", a ti mọ̀ bóyá ó ṣẹlẹ̀ tàbí kò tíì ṣẹlẹ̀. Ti Híńdì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe é ni wọ́n ń kọ́kọ́ dárúkọ, á wá kan ohun tí ó ṣe é sí, ọ̀rọ̀-ìṣe á tẹ̀lé e, àmì àkókò á wá tì í lẹ́yìn pátápátá. "Main chaaval khaatee hoon", bí a bá tò ó bí wọ́n ṣe tò ó: èmi, ìrẹsì, jẹ, wà. Mo máa ń jẹ ìrẹsì. Kódà "nahin", tí í ṣe "kò", ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń dúró sí, ìyẹn ni pé bí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀ gígùn fún yín, ẹ lè má mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ títí ọ̀rọ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Láti ọjọ́ náà, mo fi òfin kan de ara mi: n kò gbọ́dọ̀ mi orí, n kò gbọ́dọ̀ dúpẹ́, n kò gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀, àfi bí mo bá ti gbọ́ "hai", "thaa", "thee", tàbí "gaa" àti "gee". "Hai" ni ti ìsinsìnyí. "Thaa" fún akọ àti "thee" fún abo ni ti àtijọ́. "Gaa" àti "gee" ni ti ọjọ́ iwájú. Bí ẹ kò bá tíì mọ nǹkan mìíràn nínú Híńdì, ẹ mọ ìrù márùn-ún yìí ná. Èmi ì bá ti mọ̀ wọ́n kí n tó mọ igba ọ̀rọ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tó yí padà sẹ́yìn bákan náà. Àwa ń sọ pé "nínú ilé", "lórí tábìlì". Wọ́n ń sọ pé "ghar men", ilé nínú. "Mez par", tábìlì lórí. Àwa ní "oògùn àbúrò mi". Tiwọn ni "mere bhaaee kee davaa", tèmi, àbúrò, ti, oògùn. Mo máa ń fi ọwọ́ kà á sẹ́yìn lórí ìka mi kí n tó sọ ọ́. Ẹ má tijú láti ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín oṣù méjì ó ti mọ́ mi lẹ́nu, ìka mi sì sinmi.

Akọ àti abo ló gba àkókò jù lọ́wọ́ mi.

Èdè wa kò ní in. "Ó ti dé" ni a ń sọ, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, ìbáà ṣe mọ́tò. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Híńdì náà ń lo "vah" kan ṣoṣo fún "òun" ọkùnrin àti "òun" obìnrin, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Inú mi dùn nígbà tí mo rí ìyẹn, mo rò pé ibẹ̀ ti rọrùn. N kò mọ̀ pé ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n fi akọ àti abo pamọ́ sí. Ọkùnrin á sọ pé "main jaataa hoon", mo máa ń lọ. Obìnrin á sọ pé "main jaatee hoon". Èmi kọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn onímárúwá àti ọmọkùnrin tó ń gbálẹ̀ ní ilé tí a wọ̀ sí, nítorí náà bí ọkùnrin ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀ fún bí oṣù kan. Mo máa ń rí i pé àwọn obìnrin ní ọjà ń wo ara wọn bí mo bá ti lanu. Mo rò pé àwọ̀ ara mi ni wọ́n ń wò, ó sì máa ń dùn mí wọnú. Aunty-jee ló sọ òtítọ́ rẹ̀ fún mi: mo ń pe ara mi ní ọkùnrin. Bí ẹ bá jẹ́ obìnrin, ẹ wá obìnrin tí ẹ ó máa kọ́ ẹnu rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin, ẹ wá ọkùnrin.

Kì í ṣe ènìyàn nìkan ló ní akọ àti abo. Gbogbo ohun tó ní orúkọ ló ní in. Oògùn, "davaa", abo ni. Ẹ̀jẹ̀, "khoon", akọ ni. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, "rotee", abo. Ìrẹsì, "chaaval", akọ. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe sì gbọ́dọ̀ bá a lọ: "achchhaa chaaval", ìrẹsì tó dára, "achchhee rotee", rotee tó dára. "Kaa", "ke" àti "kee", tí í ṣe "ti" wọn, náà ń wo ojú ohun tí a ní, kì í wo ojú ẹni tó ni ín. Àbúrò mi ọkùnrin ni, síbẹ̀ "bhaaee kee davaa" ni, nítorí oògùn ni abo. Ọ̀pọ̀ orúkọ tó parí sí "aa" ló jẹ́ akọ, ọ̀pọ̀ tó parí sí "ee" ló jẹ́ abo, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀mí yín lé e. "Davaa" fúnra rẹ̀ parí sí "aa", abo ni. Omi, "paanee", akọ ni. Wàrà dídì wọn, "dahee", akọ. Erin, "haathee", akọ.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti wá ìdí rẹ̀. Mo ń bi Aunty-jee pé, kí ló mú kí ọ̀nà jẹ́ abo, kí ló mú kí ilé jẹ́ akọ? Ó sọ fún mi pé kí n má bèèrè, kí n ṣáà máa gbọ́. Ó tọ̀nà. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé n kò kọ́ orúkọ kan ní òun nìkan mọ́. Mo so "tèmi" mọ́ gbogbo rẹ̀: "meree davaa", "meraa khoon", "meree rotee", "meraa paanee". Bí "meraa" tàbí "meree" bá ti bá orúkọ náà wọ orí, akọ tàbí abo rẹ̀ ti bá a wọlé, kò sì ní jáde mọ́. Èmi ì bá mọ èyí lọ́jọ́ kìíní! Igba ọ̀rọ̀ tí mo há sórí láìsí akọ láìsí abo, mo ní láti padà tún un kọ́.

Nígbà tí mo wá mọ̀ pé obìnrin ni mí nínú Híńdì, mo tún ṣe é kọjá ààlà. Aunty-jee bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan bóyá mo ti jẹun. Mo fi ìgboyà dáhùn pé "Main khaanaa khaaee". Ó mi orí: "Maine khaanaa khaayaa". Mo ní, ṣé kì í ṣe pé obìnrin ni mí? Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá mi mọ́ra, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀rọ̀ fi ṣàlàyé rẹ̀. Ó di ọjọ́ mìíràn, nílé ìwòsàn, tí nọ́ọ̀sì bi àbúrò mi, ọkùnrin gidi, pé "Davaa khaaee?" Kí ló dé tí wọ́n fi "ee" bá ọkùnrin sọ̀rọ̀? Ibẹ̀ ló ti yé mi. Bí iṣẹ́ kan bá ti parí, tó sì jẹ́ iṣẹ́ tí a ṣe sí nǹkan, ẹni tó ṣe é á gba "ne" sẹ́yìn, ọ̀rọ̀-ìṣe á sì kẹ̀yìn sí i, á máa tẹ̀lé ohun tí a ṣe é sí. Oúnjẹ, "khaanaa", akọ ni, nítorí náà "maine khaanaa khaayaa", ìbáà ṣe obìnrin ló jẹ ẹ́. Oògùn, abo ni, nítorí náà "bhaaee ne davaa khaaee", ìbáà ṣe ọkùnrin ló lò ó. Bí iṣẹ́ náà kò bá sì kan nǹkan mìíràn, bíi lílọ àti bíbọ̀, kò sí "ne", ẹni tó ṣe é náà ni ọ̀rọ̀-ìṣe ń tẹ̀lé: "main aaee", mo dé, èmi obìnrin.

Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ Híńdì nù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́ nù níbẹ̀. Ẹ mú ìṣe mẹ́rin péré tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, jíjẹ, rírí, rírà àti ṣíṣe, kí ẹ sì máa sọ ohun tí ẹ ṣe lánàá lálaalẹ́. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn, lójú fèrèsé, tí mo ń ro ohun tí mo rà lọ́jà. Ẹ ṣọ́ra fún "laanaa", tí í ṣe kí a mú nǹkan wá. Ó kan nǹkan, síbẹ̀ kì í gba "ne". "Bhoolnaa", kí a gbàgbé, náà kì í gbà á.

Mo fẹ́ sọ àwọn ibi tí èdè wa ti ràn mí lọ́wọ́, nítorí ìwé tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ kò ní sọ ọ́ fún yín. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún "ìwọ" àti "ẹ̀yin". Híńdì ní mẹ́ta: "too" fún Ọlọ́run, ọmọ kékeré àti ẹni tí ó wọni lára gan-an; "tum" fún ẹgbẹ́ ẹni àti ẹni tó kéré síni; "aap" fún àgbà àti ẹni tí a kò mọ̀ rí. Ọmọ Yorùbá kò gbọ́dọ̀ ṣìnà níbẹ̀, síbẹ̀ mo ṣìnà. Bí Aunty-jee ṣe ń bá ọmọkùnrin agbálẹ̀ yẹn sọ̀rọ̀ ni mo gbọ́ "do", mú un wá fún mi, mo sì gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tó ń ta èso. Bàbá náà kò sọ nǹkan kan, ó kó èso fún mi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yí padà. Nígbà tí mo mọ̀ pé bí ẹni sọ fún bàbá bàbá mi pé "gbé e wá" ni mo ṣe, ara mi bù máṣọ. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé, mo ní "Yah deejie", ẹ bá mi mú èyí. Ó bu ọsàn kan lé e fún mi. Ẹ kọ́ àṣẹ ti "aap" nìkan ní oṣù àkọ́kọ́: "deejie", ẹ fún mi, "aaie", ẹ máa bọ̀, "baithie", ẹ jókòó. Bí ẹ bá bu ọlá fún ọmọdé jù, kò sí ẹni tí yóò bínú.

Wọ́n tún ń ṣe bí àwa ṣe ń ṣe bí àgbà kò bá sí níbẹ̀. A máa ń sọ pé "Bàbá ti dé, wọ́n ti jókòó", ẹnìkan ni bàbá, "wọ́n" la sì ń pè é. Wọ́n ń sọ pé "Pitaajee aa gae hain", bàbá ti dé, "gae" àti "hain" sì jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. N kò ní láti há ìyẹn sórí rárá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ebi. Gẹ̀ẹ́sì á ní ènìyàn ni ó wà ní ipò ebi. Àwa ní ebi ń pa mí, òtútù ń mú mi, oorun ń kùn mí. Ebi ló ń ṣe é, èmi ló ń ṣe é sí. Híńdì náà ní "mujhe bhookh lagee hai", ebi ti lẹ̀ mọ́ mi. "Mujhe thand lag rahee hai", òtútù ń lẹ̀ mọ́ mi. "Mujhe neend aa rahee hai", oorun ń bọ̀ sọ́dọ̀ mi. "Mujhe" ni "sí mi" tàbí "fún mi". Ohun tí a nílò náà, "mujhe davaa chaahie". Èdè tí a gbọ́ náà, "mujhe hindee aatee hai", Híńdì ń wá sọ́dọ̀ mi. Nígbà tí mo dẹ́kun wíwá "èmi" níwájú gbogbo gbólóhùn, tí mo jẹ́ kí nǹkan máa ṣe mí bí ó ti ń ṣe mí ní Yorùbá, ẹnu mi tú.

Kí a mú nǹkan wá ńkọ́? Mú àti wá ni tiwa. Tiwọn ni "le aanaa", mú àti wá. "Le jaanaa" ni mú lọ. "Dheere-dheere" ni díẹ̀díẹ̀, "jaldee-jaldee" ni kíákíá, àpètúnpè bíi tiwa. Òǹkà wọn pàápàá: láti 1 dé 100, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tí kò ní ìrísí tirẹ̀, ó sì ń dẹ́rù ba ènìyàn. Ṣùgbọ́n 19 ni "unnees", ẹyọ kan dín ní "bees", tí í ṣe ogún. Oókàndínlógún gan-an nìyẹn! 29 ni "untees", oókàndínlọ́gbọ̀n. 39 ni "untaalees". 49 ni "unchaas". Nígbà tí mo rí èyí, mo pe àbúrò mi lórí ibùsùn rẹ̀ láti sọ fún un, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹ kọ́ "dedh" àti "dhaaee" náà kí ẹ tó wọ Márúwá: ọ̀kan àbọ̀ àti méjì àbọ̀. "Dhaaee sau" jẹ́ 250, kì í ṣe 200. Mo bá awakọ̀ kan jà lórí àádọ́ta rúpíì nítorí rẹ̀, òun ló sì jàre.

Ọ̀rọ̀ ìró kò pọ̀ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ẹ má fò ó. Híńdì kò ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ tó ń yí ìtumọ̀ padà, èémí àti ahọ́n ló fi rọ́pò rẹ̀. "Khaanaa" ni oúnjẹ. "Kaanaa" ni olójú kan. "Saat" ni méje. "Saath" ni pẹ̀lú. Mo ń gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu: bí èémí kò bá kan ọwọ́ mi, n kò tíì pe "kh". Ti ahọ́n, "daal" tí ahọ́n kan eyín ni ọbẹ̀ ẹ̀wà wọn, èyí tí ahọ́n ká sókè ni ẹ̀ka igi. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kì í fi ìyàtọ̀ yìí hàn, ìyẹn ló fi yẹ kí ẹ tètè kọ́ Devanagari, àkọsílẹ̀ wọn tó dà bí aṣọ tí a sá sórí okùn. Mo sún un síwájú fún oṣù méjì nítorí ó dẹ́rù bà mí, nígbà tí mo sì jókòó tì í, ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà. Orúkọ oògùn lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, orúkọ òpópónà, gbogbo rẹ̀ là sí mi lójú.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tí mo fi Híńdì kí tìyàyà lọ́jọ́ kan, ó sì dá mi lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì pé Kerala ni òun ti wá, Malayalam ni èdè ìyá òun, ní Delhi ni òun náà ti kọ́ Híńdì. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ Índíà lè máa kọ́ Híńdì bí àjèjì. Òótọ́ ni pé wọ́n yan Híńdì ní èdè ìjọba ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1949, ṣùgbọ́n èdè 22 ni òfin orílẹ̀-èdè wọn kà sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́kọ́ bèèrè èdè tí ènìyàn ń sọ kí n tó da Híńdì bò ó. Òun ló sì sọ fún mi pé òun náà ṣì ń ṣi akọ pè ní abo lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, aláìsàn á tún un ṣe fún òun, iṣẹ́ á sì máa lọ.

A padà sí Ìbàdàn ní Oṣù Karùn-ún. Oṣù Kọkànlá ọdún 2019 la tún lọ fún àyẹ̀wò, èmi àti àbúrò mi nìkan, ọ̀dọ̀ Aunty-jee náà la sì wọ̀ sí. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn ní òdìkejì títì. Èrò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà rí mi, ó rántí mi, ó gbóhùn sókè: "Aapkee davaa kal..." Mo dúró. Mo na ọrùn láàárín èrò, mo ń wo ẹnu rẹ̀.

"...aaegee."

"Subah yaa shaam?" Àárọ̀ ni àbí ìrọ̀lẹ́?

"Subah," ó ní. "Das baje."

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ti wà níbẹ̀.